Ọwọ́ Tó Ń Wá Fírì

Ọkọ̀ kì í kú lójijì. Ó máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ín ló máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni ọkọ̀ Joseph Awóṣùsì ti ń sọ tirẹ̀. Tó bá ń gun òkè wọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á sì máa rá pálá. Láàárọ̀, tí Joseph bá ti fi gíà sí ìrìn, ọkọ̀ náà á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ wò, lẹ́yìn náà á ta gìrì. Joseph gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ohùn rédíò sókè.

Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́bi kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́ fún un. Ní ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Elizabeth ìyàwó rẹ̀, tó sì mú gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Adó ni wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ náà ní ìrìn padà, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Obìnrin tó ń bá wọn na ẹsẹ̀ ọ̀hún kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹsẹ̀ náà ti ń rántí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá a dúró báyìí, yóò gbàgbé, òun kò sì lè ṣèlérí pé yóò tún rántí mọ́. Elizabeth kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà. Àwọn ọkọ̀ èrò tó ń ná Adó kì í sì í dúró de obìnrin tó ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Joseph mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí dẹ́rẹ́bà lòun náà, nígbà tirẹ̀ kò dúró de irú wọn.

Orí òkè Ẹ̀fọ̀n yìí náà ló ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ ń bọ Ògún, àgbẹ̀ sì ni. Joseph ní tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sá fún oko. Ó bọ́ sábẹ́ Afọlábí, ẹni tó ń fi lọ́rì kó kòkó láti Ìpòtì àti Ìkòrò, tí yóò gba Arámọ̀kọ, tí yóò gun Ẹ̀fọ̀n, kó tó forí lé Ìléṣà àti Ìbàdàn. Afọlábí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó bá sì sọ kì í kúrò létí ẹni. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ fún Joseph ni fírì. Tí lọ́rì bá ti dé góńgó òkè, kí dẹ́rẹ́bà yọ ọ́ kúrò nínú gíà, kí ìwúwo rẹ̀ máa gbé e lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. "Òkè ti gba epo lọ́wọ́ wa nígbà tí à ń gùn ún," Afọlábí á ní. "Ẹ jẹ́ kó gbé wa sọ̀kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́." Gbogbo dẹ́rẹ́bà ọ̀nà yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Joseph ṣe é títí tí orí rẹ̀ kò fi mọ̀ sí i mọ́, tó di iṣẹ́ tí ọwọ́ ń dá ṣe.

Nígbà tí àìsàn Elizabeth dé, Fadékẹ́mi ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan fún wọn. Gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. "Bàbá mi, ìsinmi lẹ máa fi wa èyí," ni Fadékẹ́mi wí. "Ẹ ṣáà fi sí Dí, kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀." Joseph fi sí Dí, èyí tó jẹ́ ojú ìrìn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbàgbé, kò sì sí ẹni tó mọ̀, òun gan-an kò mọ̀.

Bọ́láwálé ni mẹkáníìkì tó sún mọ́ wọn jù. Ó mọ ọkọ̀ àtijọ́ dáadáa, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú gíà yìí kò yé e, dípò kó sì sọ bẹ́ẹ̀, ó ń pààrọ̀ nǹkan. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ páǹpù epo. Nígbà tí kò rí ohun tí yóò tún pààrọ̀ mọ́, ó ní gíábọ́ọ̀sì ti kú, kí Joseph ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ènìyàn má mọ̀, kó sì máa tú ọkọ̀ aláìsàn palẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni, Bọ́láwálé kò sì tíì tọrọ àforíjì títí di bí a ti ń sọ yìí.

Ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti Adó bọ̀, ọkọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀ ní Arámọ̀kọ. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gíà wà ní Dí, ọkọ̀ kò mira. Elizabeth wà lẹ́yìn, níbi tó ti máa ń na ẹsẹ̀ sórí àga. Joseph kò lè wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Àwọn tó wà nítòsí bá wọn ti ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń tún gíà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ìjerò.

Tèmítọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó kàwé nípa ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogbo-ǹ-ṣe, ó gboyè jáde, ó kọ̀wé wáṣẹ́ títí, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó dá a lóhùn. Orílẹ̀-èdè tó kọ́ ọmọ níṣẹ́ tán tí kò ní iṣẹ́ fún un, ọ̀tá ara rẹ̀ ni. Tèmítọ́pẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́ gíà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì padà wálé. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ nígbà tí wọ́n ti ọkọ̀ dé.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ní gíábọ́ọ̀sì ti kú."

"Ta ló ní ó kú?"

"Mẹkáníìkì wa l'Ẹ́fọ̀n."

"Ṣé ó wo ọ́ìlì inú rẹ̀?"

"Púlọ́ọ̀gì ló pààrọ̀."

Elizabeth dá sí i láti ẹ̀yìn. "Inú ló ń run ọkọ̀, ọmọ mi. Irun ni Bọ́láwálé ń bá a dì."

Tèmítọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà yọ, ó nù ún sára aṣọ funfun kan, ó sì gbé aṣọ náà síwájú Joseph. Ọ́ìlì gíà máa ń pọ́n bí osùn. Èyí dúdú bí àdí.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀, Bàbá."

Joseph gbóòórùn rẹ̀. "Ó jóná."

"Ó jóná. Ọ́ìlì ti dínkù, màá bu sí i kó lè rìn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ló ń sun ún. Bí mo bá tún un ṣe láìmọ ohun tó ń sun ún, ẹ ó padà wá bá mi, màá sì tún gba owó yín. Ẹ jẹ́ ká jọ gun òkè yín lọ, kẹ́ ẹ wà á bẹ́ ẹ ṣe ń wà á."

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún Joseph. Mẹkáníìkì tí kò kọ́kọ́ kó ọwọ́ bọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí irú rẹ̀ rí.

Tèmítọ́pẹ́ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi wáyà so ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó dà bíi fóònù, tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré tó hàn, mọ́ abẹ́ síárìn, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè, ọkọ̀ ké bó ti máa ń ké. Tèmítọ́pẹ́ kàn mi orí ni. Wọ́n dé òkè, wọ́n ṣẹ́rí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Lójijì, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń sáré bí ti ọkọ̀ tó dúró sójú kan. Ó fi ọwọ́ gbá a. Ó rò pé ẹ̀rọ náà ló ń purọ́.

"Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé," ni Elizabeth wí lẹ́yìn. "Tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ báyìí, ọkọ̀ yìí á dákẹ́ rọ́rọ́, oorun á sì máa kùn mí."

Tèmítọ́pẹ́ yíjú sí i. "Ìyá, ṣé gbogbo ìgbà ló máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìgbà. Tó bá kù díẹ̀ ká dé ìsàlẹ̀, á wá fò gbì, oorun á dá lójú mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Tèmítọ́pẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. "Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún yín dà?"

"Ó wà lórí síárìn."

"Ẹ wò ó."

Joseph wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí gíà, gíà sì ti kúrò ní Dí, ó wà ní fírì. Ó wò ó bí ẹni tó bá ọwọ́ ẹlòmíràn nínú àpò ara rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀."

"Ta ló wá fi síbẹ̀, Bàbá?"

"Kì í ṣe èmi o," ni Elizabeth wí. "Ọwọ́ ọ̀tún tèmi kò tíì lè gbé ife."

Tèmítọ́pẹ́ ní kó rọra gúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Kò jágbe mọ́ ọn, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nínú lọ́rì àtijọ́, fírì kì í ṣe gíà ní nǹkan kan. Nínú èyí, ẹ́ńjìnnì ló ń fún ọ́ìlì káàkiri. Tí wọ́n bá fi sí fírì lórí eré, táyà á máa yí inú gíà kíkankíkan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, ọ́ìlì kò sì ní dé ibi tó yẹ kó dé. Tí wọ́n bá tún wá já a sí Dí nísàlẹ̀, àwọn awọ pẹlẹbẹ tó ń di ara wọn mú nínú rẹ̀ á kọlu ara wọn, wọ́n á sì jó. "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lẹ̀ ń sun ún díẹ̀díẹ̀," ó ní.

Ohun tí Joseph ń rò ni pé kì í ṣe gíà ni òun ń sun. Ẹsẹ̀ Elizabeth ni.

Wọ́n padà sí Arámọ̀kọ. Tèmítọ́pẹ́ gbé ọkọ̀ sókè, ó tú abọ́ irin tó wà nísàlẹ̀ gíà, ó gbé e bọ́ sójú oòrùn. Joseph bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ẹrẹ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, ó kúnná bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ìkòkò. Tèmítọ́pẹ́ fi ìka wá inú ẹrẹ̀ náà, ó nu òòfà tó ń fa irin mọ́ra nínú abọ́ náà, ó tún wá a. Joseph kò mọ ohun tó ń wá, ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà kó má rí i.

"Kò sí irin wẹ́wẹ́," Tèmítọ́pẹ́ wí nígbẹ̀yìn. "Awọ rẹ̀ ló jó, eyín inú rẹ̀ kò ká. Ó ṣàìsàn, kò kú. Màá fọ asẹ́ rẹ̀, màá fún un ní ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó ti jó kò ní padà wá o. Ẹ máa rọra gun òkè, ẹ má sì di ẹrù sínú rẹ̀."

"Ó ti di ẹgbẹ́ mi nìyẹn," ni Elizabeth wí. "Àwa méjèèjì ni wọn ó máa rọra gbé."

Nígbà tí Tèmítọ́pẹ́ ṣe tán, ọkọ̀ náà gba Dí láìronú. Joseph dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ọ́ìlì ilẹ̀ fún ọmọ tí Fadékẹ́mi lè bí. Tèmítọ́pẹ́ sá sẹ́yìn. "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fẹ́ kí wọ́n bú mi ni?" Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bá Joseph sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ náà. Tèmítọ́pẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, òun nìkan ló sì sọ ohun tí kò lè tún ṣe.

Nígbà tó tún di ọjọ́ ilé ìwòsàn, Elizabeth kọ̀ láti jókòó sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n gbé òun síwájú. Joseph ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ráyè.

"Ẹsẹ̀ á fara dà á. Ẹ gbé mi síbẹ̀, Bàbá Fadé."

Bí wọ́n ti dé góńgó òkè, Elizabeth na ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó lágbára, ó sì fi bo orí gíà. Joseph ń wo ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi kúrò lórí síárìn, tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹran tó mọ ọ̀nà ilé, tó sì bá ọwọ́ Elizabeth níbẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wá?"

"Mi ò wá nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

Joseph dá ọwọ́ náà padà. Ọwọ́ náà tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó délẹ̀, Elizabeth kò sì gbé tirẹ̀ kúrò. Ẹ́ńjìnnì ń kùn ní gbogbo ọ̀nà.

Ní Arámọ̀kọ, Elizabeth ní kó dúró lọ́dọ̀ Tèmítọ́pẹ́. A kì í dúpẹ́ oore lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Joseph fẹ́ sáré wọlé lọ dúpẹ́ lórúkọ àwọn méjèèjì, kí wọ́n má bàa pẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, ó di òrùlé ọkọ̀ mú, ó sì nà ró.

Tèmítọ́pẹ́ yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. "Ìyá, ẹ ò bá ti jókòó."

"Ṣé ìjókòó ni wọ́n fi ń kí èèyàn nílé yín? A dúpẹ́ oore ọjọ́sí, ọmọ mi."

"Kò tọ́pẹ́, Ìyá."

"Ó tọ́pẹ́. Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Joseph dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síta kó lè gbá a mú bí ó bá ṣubú. Kò ṣubú. Nígbà tó tẹ́ Elizabeth lọ́rùn, ó padà wọ inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, Joseph sì wa ọkọ̀ lọ sí Adó.