Ẹ̀kán Tadáwà Ọláníyan

Wọ́n tún wá bẹ̀ mí ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Àwọn mẹ́ta ni, ará ṣọ́ọ̀ṣì Olúṣọlá, wọ́n ra búrẹ́dì dání. Wọ́n ní Olúṣọlá ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, kò sì fẹ́ kú láìjẹ́ pé mo dárí jì í. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún tán, mo wá ní kí wọ́n lọ sọ fún un pé èmi Àwáwù ò dárí jì í. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe." Mo ní Ọlọ́run mọ̀ mí, òun ló dá mi. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo ní kí wọ́n mú búrẹ́dì wọn dání.

Ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Ọlọ́ṣẹ ni mí ní Ẹdẹ yìí. Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè láti kékeré, èmi àti eérú àti àdín, Sẹ́kọ̀nà ni mo ti ń tà á lẹ́bàá títì. Ọláníyan ni àbúrò mi. Ìyá wa bímọ púpọ̀, àwa méjèèjì ló kù. Ẹni tó bá na ìka sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ máa kà wọ́n, ìgbálẹ̀ ló máa fi lé ẹni náà dé ìta. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!" Igbe tó máa ń ké nìyẹn, gbogbo agboolé á gbọ́. Ọláníyan ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn mi yìí ló gbé dàgbà.

Bàbá wa ń pẹja ní odò Ọ̀ṣun, nítorí náà Ọláníyan ti mọ omi kó tó mọ ìwé. Ó kàwé díẹ̀ ṣá, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Lọ́dún 1981, ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja gbà á síṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí etí òkun níhà Ìlàjẹ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé sórí òpó igi lójú omi. Mo sunkún nígbà tó ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi náà ni omi." Irọ́ ni, omi iyọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ yé mi yékéyéké, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn nígbàkígbà tó bá wálé. Ẹja ńlá kan wà tí òyìnbó ń pè ní dọ́fìnì. Kì í mí nínú omi bí ẹja yòókù, ó gbọ́dọ̀ yọ síta kó tó lè mí, bí èmi àti ẹ̀yin. Ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀ mu. Ìjọba fẹ́ mọ iye tó kù nínú àwọn ẹ̀ka odò tí omi òkun ń kún wọ̀ tó sì ń fà kúrò níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, bí omi bá ti ń kún, Ọláníyan àti awakọ̀ kan á wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, eré kan náà ni wọ́n ń sá. Wọn kì í kà nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, kí wọ́n má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀yìn ẹja bá yọ, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ọláníyan á wá wo lẹ́bẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á yà á sínú ìwé: èyí ya, èyí tẹ̀, èyí ní àpá àwọ̀n. Bí a ṣe ń fi ilà ojú mọ ará ilé ẹni ló fi ń mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan wà tí àwọ̀n ti gé ìdajì lẹ́bẹ́ rẹ̀ lọ, Aláàbọ̀ ló sọ ọ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Aláàbọ̀, ẹ óò rò pé àfẹ́sọ́nà ni.

Ọmọ ẹja nìkan ni kì í kà. Ààyè wà fún un nínú ìwé tí ọ́fíìsì kó fún un, òfìfo ló máa ń fi í sílẹ̀. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀kán tadáwà kan ló ń kán sábẹ́ àwòrán lẹ́bẹ́ ìyá yẹn. Bí ọmọ náà bá ṣì wà nígbà tí wọ́n tún padà lọ, á tún kán òmíràn sí i. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹja lásán!" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́mọ ni ọlọ́mọ ń jẹ́."

Olúṣọlá ni ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ Ẹdẹ bí tiwa ni, ọmọ tíṣà, ilé onígbàgbọ́. Ìwé rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ ọkọ̀ yẹn, ó bì tìfun tẹ̀dọ̀, kò sì débẹ̀ mọ́. Abẹ́ fáànù ní ọ́fíìsì ló ń jókòó sí, nígbà tí oòrùn àti ẹ̀fọn ń jẹ àbúrò mi.

Ọdún 1984 wá dé. Sójà ti gba ìjọba. Kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà, ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún láti àárọ̀, ẹni tó bá yà kúrò lórí ìlà, kòbókò sójà á dá a padà. Ọṣẹ dúdú tèmi ń tà, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró káàkiri bí ẹni ń gbọn èso sílẹ̀. Olúṣọlá ránṣẹ́ pe Ọláníyan. Ó ní, "Gbé ìwé ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn wá. Màá fi han àwọn tó wà lókè pé ìwọ kì í ṣe ẹni tí à ń lé." Ọláníyan gbé ìwé fún un. Ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́! Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà ìdádúró dé, Olúṣọlá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Olè! Ọ̀dàlẹ̀! Nígbà tó wálé fún ọdún Àjíǹde, èmi àti Ọláníyan lọ bá a nílé bàbá rẹ̀. A kò tíì jókòó tó fi ní kí ni òun lè ṣe fún wa. Mo ní ìwé àbúrò mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àwọn àlejò rẹ̀, ó ní, "Atukọ̀ lásán ni o. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, atukọ̀ ló ní ìwé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọláníyan wo ilẹ̀. Ó lọ sí oko ní Alájùé lọ́jọ́ kejì, ó ń ro ilẹ̀. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ń fi ọmọ orógùn lu ọṣẹ nínú ìkòkò, Olúṣọlá ni mò ń lù.

Oṣù Kejìlá ni Tíṣà Comfort, oníbàárà mi, mú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde wá. Ó ní òun rí i ní ilé-ìwé àwọn, àbí kì í ṣe ibi tí Ọláníyan ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sọ? Ọláníyan gbà á, ó ń ṣí i. Gbogbo àwòrán rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti Aláàbọ̀. Orúkọ Olúṣọlá nìkan ló wà níwájú ìwé. Ó ń kà á lọ, nígbà tó yá ó dúró lójú ewé kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó kọ ọ́ pé odindi ọdún mẹ́ta, òun ò rí ọmọ kan. Ó ní àwọn ẹja yìí ò bímọ mọ́, pé wọ́n máa tán fúnra wọn láìpẹ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí tí omi fi dà lójú mi. Ọ̀gá ọlọ́pọ̀ ìwé, kò mọ ohun tí ẹ̀kán tadáwà wà fún! Ó jí ìwé, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀!

Ọláníyan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ lẹ́tà sí wọn lọ́la. Bí ìjọba bá gbà pé wọn ò bímọ mọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ omi yẹn fún wọn."

Mo ní, "Lẹ́tà? Ọwọ́ ta ni lẹ́tà máa bọ́ sí, bí kì í bá ṣe ọwọ́ Olúṣọlá? Á tún ìwé náà ṣe, á sì jẹ àjẹgbé. Jẹ́ kó gun igi dé góńgó ná. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn mi yìí lo gbé dàgbà, o ò ní la ẹnu rẹ títí màá fi ní kí o là á."

Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀, kí ni àbúrò máa wí? Ó dákẹ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi dákẹ́. Nígbà mìíràn á dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan, màá ranjú mọ́ ọn, á gbé àdá rẹ̀ á sì máa lọ. Èmi ń sùn dáadáa ní tèmi.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1985 ni ọjọ́ mi pé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú pe Olúṣọlá pé kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan. Tíṣà Comfort ní obìnrin àgbà kan tó mọ̀ nípa ẹranko inú omi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwatóyìn, ló máa jẹ́ alága, pé Olúṣọlá sì máa gbé ojúlówó ìwé tó fọwọ́ kọ wá. Ìwé tó fọwọ́ kọ! Mo wọ bùbá mi tó dára jù lọ. Mo ní kí Ọláníyan ti oko bọ̀, mo fi í jókòó tì mí níwájú. Nígbà tí Olúṣọlá ń kọjá, mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun jáde.

Ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ṣí ìwé Ọláníyan hàn wá, ó ní òjò àti oòrùn lòun fi kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, mo dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. N ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀kán tadáwà káàkiri inú ìwé yín. Kí ni wọ́n wà fún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń kọ̀wé. Ìgbì ń gbé wa, kálàmù mi sì ń jò."

"Ó dá yín lójú pé kálàmù ló jò?"

"Ó dá mi lójú, Màmá."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Mo wá fi ìgbúnwọ́ gún Ọláníyan. "Dìde. La ẹnu rẹ."

Ó dìde pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn. Alága ló kọjú sí, kò wo Olúṣọlá rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá èyí tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ ṣe ààbọ̀ nínú ìwé náà. Láti oṣù Kẹta ọdún 1983 lọ, ẹ̀kán kan máa wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a rí i. Èyí tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ ya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní ní ẹ̀kán kankan."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé lọ́wọ́ Olúṣọlá. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó tún ṣí òmíràn. Ó wá ní, "Olúṣọlá, kálàmù rẹ jò sábẹ́ ẹja kan náà fún oṣù mẹ́wàá?"

Olúṣọlá ń wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun rẹ̀.

Ọláníyan ní, "Ọmọ rẹ̀ ni mà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn hó yèè. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ Ẹdẹ ni ọ́, Olúṣọlá. Ṣé kò sí ìyá àgbà nílé yín ni?" Ní ibẹ̀ ni ẹnì kan ti pariwo "Olè!" láti ẹ̀yìn, ni gbogbo ilé bá gbà á. Òógùn bo ọkùnrin náà, ó ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n sì ti tì í pa. Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Kí oṣù yẹn tó parí ni wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Háà, mo gbádùn! N kò ní tìjú láti sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí n tún un gbádùn lónìí, màá tún un gbádùn.

Mo ti ń jó lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Ọláníyan pé, "Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ó ṣì ìwé rẹ kà?"

Ọláníyan wò mí. Ó ní, "Láti oṣù Kejìlá, mà."

Obìnrin náà ki awò ojú rẹ̀ bọ àpò. Ó wá ní, "Ìwé yìí ni wọ́n gbé yẹ̀ wò ní oṣù Kẹfà, tí wọ́n fi gba ilé-iṣẹ́ kan láyè pé kó wọ ẹ̀ka odò yẹn, kó máa kó yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ẹja náà ò bímọ mọ́, kí là ń ṣọ́? Ẹ̀rọ ti wà nínú omi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ijó kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba iṣẹ́ padà fún un, wọ́n fún un ní ìwé tuntun, orúkọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ó lọ. Ọ̀nà kan náà, eré kan náà, nígbà tí omi bá ń kún. Nígbà ọyẹ́ ló tó wálé. Mo se oúnjẹ, kò jẹ ẹ́ tán. Mo gbé ìwé náà, mo ní kó kà á fún mi. Ó ń ṣí i, ó ń kà á: "A ò rí nǹkan. A ò rí nǹkan. A ò rí nǹkan." Aláàbọ̀ ńkọ́? A ò rí nǹkan. Lójú ewé kan, mo rí ẹ̀kán tadáwà kan ṣoṣo. Kò sí àwòrán lẹ́bẹ́ kankan lókè rẹ̀.

Mo ní, "Èyí ńkọ́?"

"Ọmọ ni. Ó dá wà. Ó tẹ̀lé ọkọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́ta tí a fi ń padà lọ wò ó, ó ń fara ra ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹrin, a ò rí i mọ́."

"Ọmọ ta ni?"

"N ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n."

Ó pa ìwé dé, ó ní òun fẹ́ sùn.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì la tún jọ lò lẹ́yìn ìyẹn kó tó kú. A jọ jẹ, a jọ jà, kò sí ọjọ́ kan tó sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n dákẹ́." Mo retí rẹ̀ títí. Bí a bá ń jà, màá tiẹ̀ tọ́ ọ níjà sí i kó lè sọ ọ́, kí n lè fèsì. Kò sọ ọ́. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó ń lọ, mo ní, "Ọláníyan, sọ ọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nítorí náà, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì má wá mọ́. Bí mo bá dárí ji Olúṣọlá, ta ló kù tí màá máa bínú sí?