Ìgbànú Chepusepa

Bí ọ̀rọ̀ Chepusepa bá délẹ̀ lórí òkè wa, wọ́n á ní obìnrin tó ń dá ogun dúró nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti ibi odò gbígbẹ, gálọ́ọ̀nù omi lẹ́yìn rẹ̀, yóò mọ̀ pé ogun náà ti fojú ìyá yìí rí nǹkan.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tú leketyo rẹ̀, ìgbànú awọ olówó ẹyọ tí àwọn obìnrin Pokot fi ń di ikùn lẹ́yìn ìbímọ, tó tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà níwájú àwọn ọmọkùnrin wa tó ń gbé ìbọn lọ kó màlúù àwọn Turkana, ẹ̀yà tó múlé tì wá. Kò sí ọmọ tó jẹ́ gba orí ìgbànú ìyá kọjá. Ẹni tó bá kọjá, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n padà sílé, tí wọ́n ń kùn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é sí ìpàdé àlàáfíà. Wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí, wọ́n fún un ní fìlà tí wọ́n kọ nǹkan tí kò lè kà sí lára. Fìlà náà ló fi ń bo igbá wàrà. Ó ti rin ìrìn ọjọ́ méjì lọ sọ́dọ̀ Natesiro, obìnrin Turkana kan tí àwọn ọmọ wa pa ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi, wọ́n sunkún, wọ́n sì mu wàrà nínú igbá kan náà.

Ohun tí kì í sọ nípàdé ni ti Pkemei, àkọ́bí rẹ̀. Bí ọmọ Pokot bá ń lọ kó ẹran, ìyá rẹ̀ á so ìgbànú yẹn mọ́ ìdí pinpin, kò ní tú u títí ọmọ á fi dé. Bí ìyá ò bá so ó, ọmọ ò lè lọ. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kó tó di ẹni tó ń tẹ́ ìgbànú sọ́nà, Chepusepa so ó fún Pkemei, ó sì súre fún un. Ọjọ́ mẹ́fà ni awọ fi ń bó o lára. Lọ́jọ́ keje, wọ́n gbé ìbọn Pkemei dé, wọn ò gbé Pkemei.

Lọ́dún yìí tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú jù, àwọn Turkana wá kó màlúù mẹ́rìnlá nísàlẹ̀ òkè wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Pkiach, àbíkẹ́yìn Chepusepa, ọmọ ogún ọdún, wá bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ so ó fún mi."

"Mi ò ní so ó."

"Ẹ so ó fún Pkemei."

"Mo so ó fún un. Pkemei dà?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí n lọ máa bá yín dé fìlà ìpàdé."

"Sọ fún wọn pé fìlà náà dáa. Eṣinṣin ń bẹ̀rù ẹ̀."

Pkiach ò rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ò bá so ó, Ìyá kékeré máa so ó. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Àárọ̀ ọ̀la la máa lọ."

Ìyá kékeré yìí ni Chelain, orogún Chepusepa. Ìyàwó bàbá, ìyá náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí sì ti dọ́gbọ́n sí i: wọ́n ní ẹni tí ìyá kan bá ti so ìgbànú fún, tìyá mìíràn tó wà lójú ọ̀nà ò lè dá a dúró. Bí Chelain bá so ó, Pkiach ti lọ nìyẹn.

Ilé àwọn obìnrin méjèèjì kọjú síra wọn nínú ọgbà ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo, ọkọ wọn sì ti kú tipẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ìbọn Pkemei wọlé, Chepusepa dúró láàárín èrò, ó ní ẹni tí kò bí ọkùnrin ló ń fi ojú burúkú wo ọmọ ọlọ́mọ. Obìnrin nìkan ni Chelain bí. Bẹ́ẹ̀ Chelain yìí ló pọn Pkemei dàgbà nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Chepusepa ti kó tiẹ̀ dé ilẹ̀ Turkana kó tó rántí ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó lè dìde lọ bá Chelain. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó dúró sinmi láàárín ọgbà náà, níbi tí kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Chelain ń fi èédú gbígbóná ra inú igbá wàrà, kí wàrà lè pẹ́ nínú rẹ̀. Kò na àpótí sí i.

"Ìyálé mi, ẹ ṣìnà ni?"

"Mi ò ṣìnà."

"Mo rò pé ilé àwọn Turkana lẹ̀ ń lọ ni. Ọ̀nà ibẹ̀ lẹ mọ̀."

Chepusepa jókòó sórí ilẹ̀. "Má so ó fún Pkiach."

"Mo ti so ó. Ẹ̀yin lẹ ní mi ò ní ọmọkùnrin. Ọ̀kan wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ bá mi, ẹ tún ní kí n lé e."

Chepusepa wá ọ̀rọ̀ dídùn tó máa ń sọ nípàdé, kò rí ọ̀kan. "Èmi ni mo rán Pkemei síkú," ló sọ. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Ẹrù náà wúwo jù fún mi, mo wá ẹni tí màá gbé e lé lórí. Ìwọ lo wà nítòsí."

Èédú tutù nínú igbá, Chelain ò dà á nù. "Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ̀ ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì lọ bẹ Natesiro."

"Tiẹ̀ rọrùn. Èmi kọ́ ni mo pa ọmọ ẹ̀."

"Èmi náà sunkún Pkemei," Chelain wí. "Mo di aṣọ mọ́nu sunkún, kẹ́ ẹ má bàa gbọ́, kẹ́ ẹ ní ẹ̀rín ni mò ń rín. Ẹ máa lọ sílé. Mi ò ṣèlérí nǹkan kan."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Chepusepa tẹ́ ìgbànú rẹ̀ sójú ọ̀nà, ó jókòó tì í. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́jọ yọ, Pkiach ni ìkẹta wọn.

"Màmá, ẹ kó ẹrù yín. Ìyá kékeré ti so ó."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Chelain fi dé lẹ́yìn wọn, ó fi ọwọ́ kan di aṣọ mú nítorí kò sí ohun tó dì í mọ́ ìdí. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ìgbànú tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyálé rẹ̀, òun náà sì jókòó.

Àwọn mẹ́ta ní ìyá àwọn kọ́ nìwọ̀nyí, wọ́n gba inú ẹ̀gún kọjá lọ. Àwọn mẹ́rin padà. Pkiach dúró síbẹ̀ pẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́," ó wí. "Mi ò ní bá èyíkéyìí nínú yín sọ̀rọ̀ mọ́." Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Àwọn obìnrin méjèèjì ṣì jókòó ti ìgbànú wọn.

"Ọmọ yẹn máa bínú pẹ́ o," Chelain wí.

"Kó máa bínú. Pkemei ò lè bínú sí mi mọ́."

"Inú ṣì ń bí èmi náà."

"Máa bínú," Chepusepa dáhùn. "Mo wà nílé."