Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Já Ẹ̀fọ́ Nínú Ọgbà Ìjọba

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń wọ bàtà tí iná máa ń tàn nídìí rẹ̀, Glenn Dale níbí, lẹ́bàá Washington, ni à ń gbé: èmi, ìyá mi, àti ìyá ìyá mi tó wá bá wa láti Ìsẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n pìtàn ayé àtijọ́. Ó dáa, ayé àtijọ́ náà rèé, àwọn ọdún tí ẹ̀yin ń pè ní nineties.

Oṣù kọkànlá ni ìyá àgbà dé, nígbà tí igi ti wọ́wé tán. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Tí èmi bá ti lọ sílé ìwé, tí ìyá mi bá ń sùn, ìyá àgbà á kírun rẹ̀ tán, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á máa wo títì tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn. Adìyẹ bà lókùn lọ̀rọ̀ náà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó ní irú ìlú wo lèyí, tí gbogbo igi ti kú tí wọn ò gé wọn dáná. Ìyá mi ṣàlàyé pé igi ò kú, wọ́n ń sùn ni.

Ìyá àgbà ní, "Irú oorun wo nìyẹn, látìgbà tí mo ti dé?"

Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ní kí ìyá mi lọ yí ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì òun padà, òun ń lọ sílé. "Àjò kì í dùn kónílé má relé," ó ní, "èyí tí ò tilẹ̀ dùn ńkọ́?"

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí winter yìí parí ná. Tí ẹ bá rí spring, ẹ máa gbádùn ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an. Ta ni yóò máa dúró dè mí níbi tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ń já mi sí? Ta ni yóò máa ki oríkì mi tí mo bá jẹun tán? Ìyá mi ń dààmú nítorí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè fi mí tì. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìyá àgbà ni.

Ló bá di ọjọ́ Sunday kan ní ìparí oṣù kẹrin. Ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ní, "Oyà, ẹ wọ mọ́tò. À ń lọ sí garden." Háà! Mo fò sókè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá àjà. Ọgbà ńlá kan ni, ní Washington, tìjọba ni. Ìyá àgbà wọ kóòtù òtútù rẹ̀, bí oòrùn ṣe ń ràn tó yẹn.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohunkóhun. Ìyá mi ní ọ̀fẹ́ ni.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀?" ni ìyá àgbà wí. "Tí a bá wá fẹ́ jáde ńkọ́?"

Ẹ ò bá rí òkè yẹn! Òdòdó pupa, òdòdó funfun, òdòdó aláwọ̀ osùn, wọ́n bo òkè látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn bá sá òwú sóòrùn. Mo ń sáré kiri, mo ń pariwo, mo ń bojú wẹ̀yìn wo ojú ìyá àgbà bóyá ó ti ń yọ̀.

"Ó lẹ́wà," ó ní. "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

Ìyá mi ní wọn kì í jẹ ẹ́.

"Wọ́n wá fi gbogbo ilẹ̀ tó dáa yìí wòran lásán?"

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, kò pẹ́ tí oorun gbé e lọ. Àfi bí mo ṣe gbọ́ igbe ìyá àgbà: "Yánrin! Yánrin rèé o!"

Ẹ̀yin ò mọ yánrin. Ẹ̀fọ́ kan ni, ó máa ń korò díẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀gúsí sè é nílé. Ohun tí ìyá àgbà rí ni koríko olódòdó yẹ́lò tí ẹ̀yin ń pè ní dandelion, tí ewé rẹ̀ fi jọ yánrin. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Mo wo pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, jìnnìjìnnì bò mí.

"Ìyá àgbà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ká má já òdòdó."

"Ta ló ń já òdòdó? Ẹ̀fọ́ ni mò ń já."

Bí ọkùnrin dúdú kan ṣe yọ nìyẹn, ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú ọgbà náà. Mo ní ó parí, ìyá mi ò tún ní yí tíkẹ́ẹ̀tì kankan, ìjọba fúnra wọn ló máa dá ìyá àgbà padà sílé. Mo sáré dúró níwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo fi èèbó sọ pé ìyá ìyá mi ni, kò mọ òfin ibẹ̀.

Ọkùnrin náà wo ìborùn yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Ó ní koríko tí òun ń wú láti àárọ̀ nìyẹn, kí màmá máa kó o lọ. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun, ní Carolina, a máa sè é pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà, àmọ́ mo yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò.

"Ṣé o ò rí i? Ọmọ wa ni!" Ìyá àgbà ṣàdúrà fún un, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹun ọmọ. Ọkùnrin náà ò gbọ́ ọ̀kan, ó ṣáà ń ní "Yes, ma'am." Ó mú wa lọ síbi tí wọn kì í fín oògùn sí, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá wa já a.

Bí ìyá mi ṣe jí bá wa nìyẹn. "Màmá! Nínú garden ìjọba? Ah, mo gbé!"

A sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, ó korò bí jogbo. Ìyá àgbà rọra jẹ ẹ́ lẹ́nu. "Kì í ṣe yánrin gan-an," ó ní. "Àbúrò rẹ̀ ni." Ó tún bu òkèlè mìíràn. "Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ ná. Mo fẹ́ mọ ohun tó tún máa hù nílẹ̀ yìí." Mo pariwo débi pé aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn.

Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi tí mo fi ga jù ú lọ. Gbogbo ìgbà ìrúwé la sì ń lọ sí ọgbà yẹn.

Ayé ti yí. Àwọn ará Mitchellville tó wà nítòsí wa ń sanwó báyìí kí wọ́n lè fín oògùn pa ewé yẹn, àwọn ilé ìtajà olówó ńlá sì ń dì í ní ìdì tà. Ọ̀fẹ́ ṣì ni ọgbà náà, òdòdó ò sì dín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá dé ibẹ̀, ojú ara yín lẹ ń fi fóònù yà. Ìyá mi, ìyá àgbà tiyín, ti fẹ̀yìn tì, ó wà ní yàrá yẹn, ó ń wo fídíò Ìsẹ́yìn lórí fóònù látàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún mi pé òun ń lọ sílé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ tì. Ó yá, ẹ dìde, ó kàn yín.