Gọ́tà Tó Yà fún Sàréè

Ní káńsù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, oṣù ni ọ̀gá wa. Àwọn alága ń wá, wọ́n ń lọ, oṣù kì í lọ síbì kankan. Bó bá ti wọlé ni ìpàdé òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ yẹ àwọn iṣẹ́ àdúgbò wò, a ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń jà lórí ẹ̀rọ omi, a ó kọ ìròyìn, Sátidé ìmọ́tótó yóò sì dé. Kí a tó mí kanlẹ̀, oṣù mìíràn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ka ìdàgbàsókè àdúgbò ni èmi wà. Iṣẹ́ mi ni pé kí n dúró láàárín káńsù àti aráàlú, kí àwọn méjèèjì lè rí ẹni bú. Mo ti gba èébú tó pọ̀, mo sì mọ bí a ti ń dá a padà, nítorí ẹnu mi kò dákẹ́ láti kékeré.

Bẹyẹrúnkà, ní Ìbàdàn níbí, wà lára àwọn àdúgbò tó wà lọ́wọ́ mi. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo omi òkè ibẹ̀ ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni, kì í sì í tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kó tó gba àárín ilé kọjá. Ẹni tí ọ̀gbàrá yìí ń bá jà jù ni màmá opó kan tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ilé alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀. Omi ti jẹ ìdí ògiri ẹ̀yìn títí ìpìlẹ̀ fi yọ síta, ògiri náà sì ti là débi pé ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀. Màmá kò ní ibòmíràn tí yóò forí pamọ́ sí. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un wà ní Kánò, òun náà ń wá bí yóò ti jẹun. Bí òjò ọdún yẹn bá bá ògiri náà bó ṣe wà, yóò wó lé màmá lórí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dà àwọn ọ̀gá káńsù láàmú ní ìpàdé oṣooṣù, títí wọ́n fi fọwọ́ sí gọ́tà kan tí yóò gba omi láti òkè, tí yóò sì gbé e gba ẹ̀yìn ilé màmá kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí oṣù bá parí tí a kò tíì gbẹ́ ilẹ̀, wọ́ọ̀dù mìíràn ni iṣẹ́ náà ń lọ. Mo mọ̀ wọ́n, wọn kì í ṣe àwàdà nídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà káńsù lọ wọn ilẹ̀. Láàárín agbo ilé kan, ọ̀nà tí omi ń gbà há gan-an ni. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni. Lọ́wọ́ òsì, pèpéle sìmẹ́ǹtì kan wà níwájú ilé, kò ga dé orúnkún. Ẹnjiníà wo ṣọ́ọ̀bù, ó wo pèpéle, ó fi ọ̀dà pupa fa àmì sórí pèpéle. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi fúnra mi ti jókòó síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti jẹ àkàrà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń sá èlùbọ́ sí i, àwọn ọkùnrin ń ta ayò lórí rẹ̀ bí oòrùn bá ti rọlẹ̀.

Àṣé sàréè ni. Bàbá tó ni agbo ilé náà ni wọ́n sin síbẹ̀. Ní ilé tiwa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń gbé òkú wa lọ. Òkúta tí wọ́n kọ nǹkan sí ni mo mọ̀ sí sàréè. Ní agbo ilé àwọn onímàle àtijọ́ wọ̀nyí, òkú àgbà kì í jìnnà sílé. Ojúde ni wọ́n ń sin ín sí, wọn kò sì kọ ohunkóhun sí i lórí. Àwọn àáfà máa ń sọ fún wọn pé kò dára kí èèyàn máa jókòó lórí sàréè. Wọ́n á ní òótọ́ ni àáfà sọ, wọ́n á sì tún lọ da èlùbọ́ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí bàbá wọn ni, wọn kò rí i bí òkú.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ohun tí ọ̀dà pupa káńsù ń wí. Wíwó ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àkọ́bí bàbá náà wọ ọ́fíìsì wa láì kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà gan-an ni aránṣọ tó ni ṣọ́ọ̀bù ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ta ló kun bàbá mi ní ọ̀dà?”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé àwòrán bàbá rẹ̀ ló ń wí, ó ní, “Màmá, a kì í kun fọ́tò níbí.” Aránṣọ kò tilẹ̀ wò ó. Èmi ló kọjú sí.

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ jókòó lórí bàbá mi, ẹ jẹ àkàrà, ẹ nu ọwọ́. Ẹ wá lọ kó èèyàn wá pé kí wọ́n wá hú u.”

“Mi ò mọ̀ pé sàréè ni, mà. Ṣebí ẹ̀yin náà ń sá èlùbọ́ sí i.”

“Bàbá mi ni. Mo lè sá èlùbọ́ sí bàbá mi láyà. Ṣé bàbá tiyín ni?”

Inú bí mi. Mo ní bó bá jẹ́ òkú ló ká wọn lára ju alààyè lọ, kí wọ́n yáa gbẹ́ sàréè sílẹ̀ de màmá ìsàlẹ̀, torí kò ní pẹ́ tí yóò fi wúlò. Aránṣọ yí padà, ó jáde láì dágbére. Akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ mi ti le jù. Mo ní ọ̀rọ̀ ògiri màmá le ju tèmi lọ, nítorí ó fẹ́ wó.

Mọ́gàjí, olórí agbo ilé náà, pe ìpàdé ní ojúde. Èmi àti ẹnjiníà lọ. A kò tíì jókòó dáadáa tí mọ́gàjí fi bẹ̀rẹ̀.

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” ó ní. “Ẹ̀yin káńsù ò wolé, ẹ ti sọmọ lórúkọ, ẹ tún ti fi ọ̀dà kọ ọ́.”

A tọrọ àforíjì, ẹnjiníà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn ìyẹn ni àròyé bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé bàbá lọ sí ilẹ̀ tí ẹbí ní lẹ́yìn ìlú, aránṣọ sì ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ gbé bàbá tirẹ̀ lọ ná. Ẹlòmíràn ní kí káńsù gbé gọ́tà wọn lọ síbòmíràn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa la rí i níwájú wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń ránṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀ kó tó rí ohun tó fi kọ́ ọ. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, mọ́gàjí ṣẹ́jú sí mi, mo pa á dé. Oṣù sì ti fẹ́ parí.

Ibẹ̀ la wà tí màmá ìsàlẹ̀ fi yọ, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ gun òkè bọ̀. Wọ́n gbé àga fún un, ó ní òun kò jókòó.

“Nígbà tí èmi àti ọkọ mi dé láti oko, a ò mọ ẹnì kankan nílùú yìí,” ó ní. “Bàbá tó sùn síbẹ̀ yẹn ló ní ká kọ́lé sí ìsàlẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo gbọ́ pé torí ilé yẹn lẹ ṣe fẹ́ jí i lójú oorun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tílé bá máa wó, kó wó. Mi ò ní tìtorí ògiri ṣe é ní ìwọ̀sí.”

Ó kí wọn, ó yí padà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ bó ṣe gùn wá. Aránṣọ dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sìn ín délé. Kò padà sí ìpàdé. Mọ́gàjí ní ká túká.

Mo sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fẹ́ lọ kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù pé ará àdúgbò kò gbà, ká mú iṣẹ́ lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbé mi gba Bẹyẹrúnkà. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń gbọ́ ìró òòlù. Wọ́n ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ síta. Káfíńtà kan láti Ọjà'ba ń tú páànù ṣọ́ọ̀bù, bíríkìlà sì ti fọ́ ògiri tó kọjú sọ́nà. Aránṣọ dúró láàárín eruku, ó ń pàṣẹ fún wọn.

“Kí lẹ ń wò?” ó bi mí. “Ẹ lọ pe àwọn tó kun bàbá mi ní ọ̀dà, kí wọ́n wá wọn ilẹ̀ wọn.”

Mo ní, “Mà, ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?”

“Màá tún un kọ́, tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣé mo lè kọ́ màmá yẹn tó bá wó?”

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọ́fíìsì. Ó ní òun ti bínú tán, kí n lọ pe ẹnjiníà.

A gbẹ́ ilẹ̀ kí oṣù tó parí. Nígbà tí Sátidé ìmọ́tótó dé, dípò kí wọ́n máa gbálẹ̀ lásán, gbogbo àdúgbò tú jáde. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi tí wọ́n fi ń po kọnkéré, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù náà ká sòkòtò sókè. Gọ́tà sọ̀kalẹ̀ tààrà láti òkè, ó dé ẹ̀gbẹ́ sàréè, ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún gba àyè tí ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀, ó sì tún bọ́ sọ́nà. Bíríkìlà káńsù di ìdí ògiri màmá. Alága wá yẹ iṣẹ́ wò pẹ̀lú àwọn ayàwòrán, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ jókòó sórí pèpéle. Ó rí ojú mi, ó dáwọ́ dúró.

“Ẹ jókòó, sà,” aránṣọ ní. “Bàbá mi fẹ́ràn àlejò.”

Abẹ́ òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń ránṣọ báyìí, ó sì ti ń kó búlọ́ọ̀kù jọ díẹ̀díẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo mú agboòrùn, mo kúrò ní ọ́fíìsì láì tọrọ àyè. Inú gọ́tà ni omi wà, ó pupa, ó ń hó, ó yà níbi tí a ní kó yà, ó sì ń sáré lọ. Mo dé ilé màmá, mo kan ilẹ̀kùn, n kò gbọ́ ohùn. Mo tún kàn án, mo ń pè. Mo ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ìyàwó kan sáré jáde láti ilé kejì sínú òjò, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ rọra, mà,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Wọ́n ń sùn. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ mi, mi ò rí i kí òjò rọ̀ kí màmá sùn. Ìdí ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á gbé ẹrù wọn sórí itan títí òjò á fi dá.”

Mo dẹtí. Lábẹ́ ariwo òjò tó ń lu páànù, mo gbọ́ bí màmá ti ń hanrun. Èmi àti ìyàwó ilé náà dúró lábẹ́ òrùlé títí òjò fi dá, a kò sì sọ̀rọ̀ mọ́, kí a má baà jí i.