Bí A Ṣe Fi Ìtọ́jú Ṣẹ́ Itan Bàbá Wa

Bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà ní gáréèjì Television, mo máa ń di imú mi. Òórùn rọ́bà tuntun kò burú, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ pé ó ń dùn mọ́ wọn. Èmi ni kò bá lára mu. Òórùn yẹn ló gba yàrá ìgbàlejò wa ní Narayi, ládùúgbò wa ní Kaduna, lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí wọ́n ń tú ọ̀rá lára àga onítáyà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa rà fún bàbá mi, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́, tí a ń dúpẹ́, tí a ń ya fọ́tò. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí òórùn náà bá ti kàn mí nímú báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ, nítorí ìwọ náà ní òbí tó ti dàgbà, àti nítorí pé àwọn tó yẹ kí n pariwo mọ́ nígbà náà, mi ò pariwo mọ́ wọn.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí í jókòó sójú kan. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó ti ìlú wa ní Kogi wá sí Kaduna, iṣẹ́ igbó ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní Àfáká, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin igi àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi di pákó. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa rìn láàárín ìlà igi títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ọdún kẹta tó fẹ̀yìn tì ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú balùwẹ̀. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ọsibítù, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa gbé e padà sílé, ó ti ń fi ọ̀pá tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ tẹ̀lé ọ̀tún. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kó lè máa dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ti ka ọ̀nà náà, ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó sì ti ń gbìyànjú dé mẹ́sàn-án. Ó fi ẹnu tó wọ́ náà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí n di ẹni tí ọmọ ń nù nídìí.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí àga tó dé. O mọ bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe rí fún wa níbí. Nígbà tí èèyàn bá wà lẹ́yìn odi, ẹgbẹ́ ni mọ̀lẹ́bí, ẹgbẹ́ ni yóò bá a kó ọmọ jáde, ẹgbẹ́ náà ni yóò sin ín. Ohun tí ẹgbẹ́ bá fún ọ, o gbọ́dọ̀ lò ó kí wọ́n sì rí i pé ò ń lò ó. Alága wọn gbé Bàbá jókòó sórí àga náà, ó ní, “Bàbá, ìyà ti tán. Ìsinmi ló kù.” A ṣe àmín tó mi òrùlé. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, wọ́n yà wá kí i lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì bá a ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tó ń làágùn. Ọ̀kan nínú wọn bojú jẹ́, ó ní, “Ṣé ohun tí a rà kò tẹ́ yín lọ́rùn ni?” Bọ̀dá mi, àkọ́bí bàbá wa, bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì bí ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gba ọ̀pá náà, ó gbé e sórí àpótí aṣọ níbi tí ọwọ́ Bàbá kò lè tó.

Mi ò ní purọ́ mọ́ bọ̀dá mi. Ó fẹ́ràn bàbá wa ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún un láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń fi àdí ra á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ayé ń bẹ nínú ìfẹ́ náà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn ọmọ kan wà ní Narayi tí wọ́n ń fi ìyà jẹ bàbá wọn. Bí Bàbá bá ti ní “Ẹ jẹ́ n dìde,” àwa méjèèjì á sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: “Rárá o, ẹ sinmi, kí lẹ fẹ́ ká bá yín mú?” Bí a ṣe ń sáré yìí ni àwọn aládùúgbò ń yìn wá.

Ìgbà náà ni físíò kan wá, àwọn tó ń kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kú bí yóò ṣe tún máa lò ó, ọ̀dọ́mọbìnrin Hausa kan tó máa ń wọ híjáàbù. Ó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí eegun ẹsẹ̀ tí èèyàn kò bá lò mọ́. Ọsibítù ni Bàbá ti fọwọ́ sí i pé kó wá. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti òdìkejì odò Kaduna, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú àga náà, ó bi í bí ara ṣe ń ṣe é: “Sannu Baba, ina jiki?” Bàbá mi, tí Hausa rẹ̀ já gaara ju ti àwọn Hausa fúnra wọn lọ, dá a lóhùn pé ara ti ń fúyẹ́, ó sì pè é ní ọmọ òun: “Da sauƙi, ’yata.” Ó fi nǹkan bí òróró tútù ra gìgísẹ̀ méjèèjì, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì rí i kí Bàbá mi ṣe ara gírí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ẹnì kan kà á sí ẹni tí a lè bi ní ìbéèrè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó padà wá pẹ̀lú ìwé, bọ̀dá mi sì wà nílé. Ó ní eegun ẹsẹ̀ òsì ti joro ju ti ọ̀tún lọ fíìfíì, àti pé tọ̀tún náà kò gbádùn mọ́. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé eegun kì í ṣe òkúta, pé ẹrù ara tí a ń gbé lé e lójoojúmọ́ ló ń mú kó le, pé ẹsẹ̀ tí kò bá ru ara, inú eegun rẹ̀ á máa ṣófo. Ó ní kí á máa gbé Bàbá dìde láràárọ̀, kí ẹnì kan dì í mú, kó kàn dúró. Bàbá mi fi ọwọ́ ọ̀tún lu apá àga náà. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. “Igi tí a so mọ́ òpó pẹ́ jù,” ló sọ, “bí a bá tú u, wíwó ló ń wó.” Bọ̀dá mi ní, “Bàbá, ẹ kì í ṣe igi.” A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún kọ́ ayé nípa igi sọ ohun tó mọ̀ jù lọ fún wa, a sì fi í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Bọ̀dá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì jẹ́ kó yé e pé kó má padà wá mọ́. Bí obìnrin náà ṣe jáde, bọ̀dá mi ní, “Ìwé ẹ̀rí lèyí ń wá kiri. Bí Bàbá bá ṣubú, ṣé òun ló máa gbé e?” Èmi ni mo sin obìnrin náà dé ìdí kẹ̀kẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Aunty, don Allah, make una dey stand am small small. Standing no go break am. Na sitting dey finish the bone.” Mo ṣèlérí fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi mú un ṣẹ. Bí bọ̀dá mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé Bàbá dìde lójú fèrèsé, á fi ọwọ́ ọ̀tún di irin fèrèsé mú, èmi á di ìbàdí rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ kẹta, ó dúró títí mo fi kọ orin ìsìn kan tán, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí wa láti ìta. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti pe bọ̀dá mi lórí fóònù pé mo dá bàbá dúró sínú oòrùn bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀. Ó wọlé, ó pariwo mọ́ mi lójú Bàbá. Obìnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ní ẹnu, ṣùgbọ́n mo ní, “Ẹ má bínú, Bọ̀dá.” Ó tán síbẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tó fi jókòó. Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́, ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i. Bọ̀dá mi mú un lábíyá, èmi gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, a fẹ́ gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sínú àga bí a ṣe máa ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n lára lábẹ́ ọwọ́ mi kí n tó gbọ́ ọ létí, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi gbígbẹ sídìí iná. Bàbá kò ṣubú. Ọwọ́ wa kò yọ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni a gbé e, itan rẹ̀ sì ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kò ké. Ó wo ojú mi, ó ní, “Mo sọ fún yín.”

Ní ọsibítù, dókítà eegun gbé fọ́tò tí wọ́n ya itan Bàbá sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó béèrè ìgbà tí Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Bọ̀dá mi ń wo ilẹ̀. Dókítà béèrè bóyá ẹnì kan ti wọn eegun rẹ̀ rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sọ ohun tí wọ́n sọ fún wa. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, “Ẹ gbọ́, ẹ ò ṣe é.” Ó ní irin tí àwọn ìbá fi kàn án kò ní ibi tó máa di mú, eegun náà ti rọ̀ jù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bọ̀dá mi bú sẹ́kún, ẹkún yẹn sì tún dá kún ìbínú mi. Mo fà á jáde sí kọ́rídọ̀, mo kígbe mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi: “Ẹ̀yin lẹ ṣe é! Ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín!” Ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ta ló gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú?”



Bàbá lo oṣù mélòó kan sí i lórí ibùsùn. Èmi ni mo ń nù ún nídìí, á sì máa kọjú sí ògiri títí n ó fi ṣe tán. Egbò jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ikọ́ mú un, ó sì kú kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Mo pe físíò náà láti sọ fún un. Ó ní, “Allah ya ba ku haƙuri,” kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù. Nínú gbogbo ẹni tó kí wa, òun nìkan ni kò sọ pé a ṣe dáadáa.

Àwọn yòókù sọ ọ́ títí. Níbi ìsìnkú, alága ẹgbẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ fún ìjọ pé kí àwọn ọ̀dọ́ wá wo ẹ̀kọ́ ilé, pé láti ìgbà tí àìsàn ti mú bàbá yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ dìde kí n pariwo pé irọ́ ni, pé ohun tó ń yìn yẹn gan-an ló pa á. Mo ti gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Bí ẹgbẹ́ bá dábàá àga fún ẹnì kan lónìí, mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti bi aláìsàn ohun tó ń fẹ́, wọ́n sì ti sọ mí ní oníjàgídíjàgan, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó yẹ kí n ja ìjà náà, mi ò jà á. Alága ní kí àwa ọmọ dìde dúró kí gbogbo ìjọ lè rí wa. Mo wo bọ̀dá mi, ó wò mí. A dìde, ẹsẹ̀ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbé wa dáadáa.