Ọ̀sẹ̀ Akàn Létí Adágún Pẹ́pẹ́yẹ

Nígbà tí Ineta Beazer rántí akàn, àyà rẹ̀ já. Gbogbo ètò ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa fi ka àdán àti ẹyẹ agbègbè adágún ti parí: àwọn àlejò tó ń kó àwọ̀n àdán bọ̀ láti òkè òkun, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ihò àpáta, ẹni tí yóò máa dáná fún wọn. Àfi pé ọ̀sẹ̀ tó dá gan-an ni akàn máa ń wọ́ jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí gbogbo erékùṣù Barbuda á sì kó tọ́ọ̀ṣì wọ igbó lóru lọ mú un. Ọmọ bíbí erékùṣù, ẹni tó fi akàn dàgbà, ló gbàgbé ìyẹn! Àárẹ̀ ló fà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sáré ètò yìí kiri, àwọn tó fẹ́ la títì gba adágún kọjá sì ti ní bí ẹnikẹ́ni ò bá fi ìtẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó han àwọn lọ́dún yìí, katakata á wọ ibẹ̀ wá la ọ̀nà.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá Burley, àbúrò bàbá rẹ̀, olórí àwọn tó ń mú akàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi igbó adágún sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ń tanná kiri, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á fò kúrò lórí ẹyin."

"Ká má jẹ akàn? Ineta, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Mi ò lè jiyàn."

Burley rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n bú Ineta dáadáa, wọ́n sì gbà.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn àlejò fi ránṣẹ́ pé àwọn ò wá mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Inú bí Ineta débi pé kò lè jẹun. Ó padà lọ bá Burley àti àwọn èèyàn rẹ̀, ó sọ òtítọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ mú akàn wọn.

"Adágún wá ńkọ́?" ni Burley bi í.

"Ó ti lọ nìyẹn."

"Lọ síbo? Ṣebí ibẹ̀ lakàn ń gbà lọ sókun. Àwa náà lójú tá a lè fi wá ìtẹ́. A ó faṣọ pupa bo tọ́ọ̀ṣì wa kí ẹyẹ má bàa fò, a ò ní mú àpò akàn dání. Pín wa. Ta ló ń lọ síbi àdán, ta ló ń lọ síbi pẹ́pẹ́yẹ?"

"Ẹ má fi mí síbi àdán o!" ni Nedd, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan láàárín wọn, kígbe. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ineta ò lè rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ tó ti ń ṣètò, àlejò nìkan ló ń bẹ̀ pé kó wá. Ará ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má wá ni. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó jókòó.

"Nedd," ó ní, "ìwọ gan-an ló ń lọ síbi àdán."