Ìwé Tí Mo Fi Pe Bàbá Mi

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, torí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìkìrun bí a ṣe ń kọ ìwé ìpè. Tíṣà tuntun ni mí nígbà náà. Mo máa ń lọ ṣáàtì mi títí á fi le gbagidi, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí èèyàn ò lè ṣe láyé yìí bó bá ti mọ lẹ́tà kọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ gàdàgbà sójú pátákó: ẹni tó ń pe èèyàn, ẹni tí à ń pè, ohun tí a fẹ́ ṣe, ibi tí a ó ti ṣe é, ọjọ́ àti àkókò. Mo ní kí wọ́n má gbàgbé láti bẹ àlejò pé kó fèsì bí kò bá ní lè wá. Àwọn tó wà níwájú ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń yán.

Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Kí ló dé tí à ń pe èèyàn síbi ìnáwó tí kò sí, nígbà tí ọmọ tuntun jòjòló wà nílé mi tí a ó kó jáde lọ́jọ́ kẹjọ? Mo ní kí gbogbo kíláàsì kọ ìwé ìpè sí bàbá mi ní Ìníṣà.

Bàbá tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Bàbá tó bí mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àwọn ni wọ́n mú mi sọ́dọ̀. Iṣu oko wọn ni wọ́n ń tà tí wọ́n fi rán mi níwèé títí mo fi di tíṣà. Àwọn ni olórí ẹbí wa, kò sì sí ọmọ tí a bí nínú ẹbí tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnu wọn ni orúkọ tèmi náà ti jáde. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lóyún ni mo ti ń retí ọjọ́ tí wọn yóò gbé ọmọ tèmi lọ́wọ́, kí wọ́n pè é lórúkọ kí gbogbo ayé gbọ́.

Mo ti pè wọ́n lórí fóònù pé ìyàwó ti bí, wọ́n sì ṣàdúrà títí káàdì mi fi tán. Ohun tó kù, kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ̀ ọ́n: kí n lọ dọ̀bálẹ̀ ní Ìníṣà, kí n sọ pé ọmọ wọn dé, kí wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ. Ìníṣà ò sì jìnnà, ọ̀kadà gan-an ń gbé èèyàn débẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, àbí? Ọmọbìnrin kan tó ń ti Ìníṣà wá sílé-ìwé ló kọ èyí tó dára jù. Ó ní: "Tayọ̀tayọ̀ ni a fi ń pè yín kí ẹ wá yẹ́ wa sí níbi ìkómọjáde ọmọ wa. Bí ẹ kò bá ní lè wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́." Mo bu ọwọ́ lù ú, mo ní kó fi jíṣẹ́ bó bá ń lọ sílé.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ó ní Bàbá ka ìwé náà, wọ́n ní ó dáa, wọ́n wá béèrè bóyá ara tíṣà ò yá ni. Ó ní òun sì dá wọn lóhùn pé ara tíṣà le. Ẹ ò rí i pé àgbà ti pa òwe fún mi? Mi ò gbọ́ o. Mo ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin náà, mo sì pe gbogbo wọn síbi ìkómọ náà kí wọ́n wá fojú ara wọn rí bí ìwé ìpè ṣe ń mú èèyàn wá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Bàbá wá lóòótọ́. Àwọn àna mi ti dé láti Òkukù, inú pálọ̀ ti kún, a sì ti fi àga tó dára jù sílẹ̀ fún Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀. Wọn ò wọlé. Abẹ́ kánópì níta ni wọ́n jókòó sí, lórí àga oníke, láàárín àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ní kí wọ́n wọlé, wọ́n ní ibẹ̀ dára. Mo rò pé atẹ́gùn ni wọ́n ń gbà.

Nígbà tí àdúrà parí, pásítọ̀ pe olórí ẹbí. Gbogbo ojú yí síta. Bàbá ò dìde.

"Ìwé ni wọ́n fi pè mí," ni wọ́n wí, "pé kí n wá yẹ́ àwọn sí. Mo sì ti wá. Àlejò kì í sọ ọmọ onílé lórúkọ."

Wọn ò jágbe, wọn ò sì fajú ro. Mo sáré jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́.

"Ẹ dìde, tíṣà," ni Bàbá wí. "Ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí."

Bàbá tó ń nu ikun nímú mi, tó ti nà mí ní pàṣán lóko àìmọye ìgbà, ló ń pe èmi ní "ẹ" yẹn. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Ojú tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Àwọn àgbà sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà tèmi o, èmi ni mo fi ìwé sọ wọ́n di àlejò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gba ipò wọn nínú ẹbí. Bàbá ìyàwó mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn ò lè ti Òkukù wá sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Ló bá di pé èmi fúnra mi ni mo fi oyin kan ọmọ mi lẹ́nu, bí ẹni tí ò lẹ́bí.

Lẹ́yìn náà ló kan àwọn àlejò, torí pé nílẹ̀ wa, àlejò náà lè ju nǹkan sínú abọ́ kó sì fún ọmọ lórúkọ tirẹ̀. Bàbá tò sẹ́yìn àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n wo ojú ọmọ náà pẹ́.

"Ilésanmí," ni wọ́n wí. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Orúkọ àlejò ni o. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ má pè é."

Wọ́n mu omi, wọ́n dúpẹ́ pé a pe àwọn, wọ́n sì gun ọ̀kadà lọ kí ìrẹsì tó jinná. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí ọmọbìnrin tó kọ ìwé náà, ó ń sunkún, ó rò pé òun ló ṣì í kọ. Mo sọ fún un pé ìwé náà ò ní àbùkù kankan.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí èmi àti àwọn ẹbí fi dé Ìníṣà. Bàbá jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Dìde, ìwọ ọmọ yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di iṣu fún mi. Ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìkómọ kì í ṣe ohun tí à ń tún ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè gba oyin padà lẹ́nu ọmọ.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé ìpè. Kí wọ́n tó mú bírò, mo máa ń bi wọ́n pé àwọn wo nínú ayé wọn ni a kì í kọ irú ìwé yìí sí. Wọn kì í mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Bàbá ti fi ayé sílẹ̀. Orúkọ tí èmi sọ ọmọ mi, inú ìwé ilé-ìwé nìkan ló wà. Ilésanmí ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ń gbọ́n báyìí, ó máa ń béèrè ẹni tó sọ òun lórúkọ yẹn. Mo máa ń sọ fún un pé bàbá mi ni. Kò tíì bi mí léèrè ibi tí bàbá mi jókòó sí lọ́jọ́ náà.